Àárín ni àbí ẹ̀gbẹ́? Bí Los Angeles Kings ṣe ń wá ipò fún Byfield, ọmọṣẹ́ olówó ńlá

Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, ẹgbẹ́ Los Angeles Kings, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbá họ́kì orí omi dídì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, yan ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Quinton Byfield lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Kánádà ni, bàbá rẹ̀ sì wá láti Jàmáíkà. Nínú gbogbo àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ yàn lọ́dún náà, òun ló ṣe ipò kejì. Kò tíì sí aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yàn sípò tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí nínú líìgì ńlá wọn tí wọ́n ń pè ní NHL, torí ipò kẹrin ni Evander Kane ti wọlé lọ́dún 2009, ipò kẹrin náà sì ni Seth Jones lọ́dún 2013.

Ipò àárín, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńtà, ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un. Ṣùgbọ́n fún bí ọdún mẹ́rin gbáko, àwọn tó mú un wọlé kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé sẹ́ńtà ni yóò jẹ́ lóòótọ́, wọn kò sì fẹ́ gbà pé ẹni ẹ̀gbẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà kọjá eré. Iye tí wọ́n máa san fún un, ẹni tí wọ́n máa rà kún un, ẹni tí wọ́n máa yọ̀ǹda kó lọ, orí ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ẹni tó bá ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tó gbọ́n ju àwọn yòókù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí kò sì mọ̀ bóyá kí òun fi í sídìí ẹ̀rọ tàbí kí òun fi í síwájú níbi tí àwọn oníbàárà ti ń wọlé, kò ní pẹ́ mọ ohun tó ń da àwọn Kings láàmú.

Fún ẹni tí kò bá wo họ́kì rí, èèyàn mẹ́fà mẹ́fà ni ẹgbẹ́ méjèèjì máa ń kó sórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ́lé kan, àwọn méjì tó ń dí ẹ̀yìn, àti àwọn mẹ́ta iwájú. Omi dídì ni pápá náà, bàtà onírin ni wọ́n wọ̀ sẹ́sẹ̀, ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá róbà dúdú pẹlẹbẹ kan tó le bí òkúta. Eré náà yára débi pé ìṣẹ́jú kan kì í sábà pé kí àwọn tó wà lórí pápá tó sáré jáde kí àwọn mìíràn wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi máa ń ní ìsọ̀rí iwájú mẹ́rin, ìyẹn ni pé sẹ́ńtà mẹ́rin ni wọ́n nílò.

Sẹ́ńtà ló ń du róbà náà nígbà tí rẹfirí bá jù ú sílẹ̀. Òun ló ń sáré padà wá ran àwọn tó ń dí ẹ̀yìn lọ́wọ́ lójú ilé tiwọn, òun kan náà ni wọ́n sì ń wò lójú pé kó gbé róbà lọ sójú ilé àwọn alátakò. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lè ro nọ́ńbà 6 àti nọ́ńbà 10 pọ̀ sára ẹnì kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ẹni ẹ̀gbẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó ní láti ṣọ́ kéré, àṣìṣe rẹ̀ kì í sì í sábà di góòlù lójú ẹsẹ̀. Nítorí èyí, sẹ́ńtà tó dáńtọ́ wọ́n bí ojú, ẹgbẹ́ tó bá ní in kì í sì í fẹ́ tà á. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ní irú rẹ̀ ló jẹ́ pé wọ́n yàn án ní kékeré ni, tí wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà fúnra wọn.

Ohun tí àwọn Kings rí lára Byfield kò fara sin. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 5, síbẹ̀ ó ń sáré lórí omi dídì bí ẹni kúkúrú. Lọ́dún 2018, òun ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo ọmọdé tí líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Ontario gbà wọlé. Ẹgbẹ́ Sudbury Wolves ló mú un. Ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ ó kó póìǹtì 61 nínú eré 64. Sáà tó tẹ̀ lé e, ó kó póìǹtì 82 nínú eré 45, góòlù 32 sì wà nínú rẹ̀. (Póìǹtì kan ni wọ́n máa ń kà fún ẹni tó gbá góòlù wọlé, wọ́n á sì ka ọ̀kan fún ẹni tó gbé róbà fún un.) Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń wò ó fi ń dunnú. Ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ọdún 2002 ni wọ́n bí i. Alexis Lafrenière tó ṣe ipò kìíní lọ́dún kan náà fi oṣù mẹ́wàá jù ú lọ, oṣù mẹ́wàá lọ́jọ́ orí yẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹni tí kò tíì dàgbà tán ni àwọn Kings ń rà, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àga tí wọ́n fẹ́ kó jókòó sí, ẹnì kan wà lórí rẹ̀.

Anze Kopitar, ọmọ ìlú Jesenice ní orílẹ̀-èdè Slovenia, ni àwọn Kings ti yàn lọ́dún 2005 ní ipò kọkànlá. Láti ọdún 2006 ló ti jẹ́ sẹ́ńtà wọn. Ife-ẹ̀yẹ Stanley méjì péré ni àwọn Kings ti gbà láyé wọn, lọ́dún 2012 àti 2014, Kopitar sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀méjèèjì. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Selke, èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni iwájú tó mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ilé jù, lọ́dún 2016 àti 2018. Ọ̀gá ni, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó dìde fún ọmọ ọdún 18.

Ọdún àkọ́kọ́ tí ọmọ náà lò, ẹgbẹ́ kékeré tí àwọn Kings fi ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn, Ontario Reign, ni wọ́n fi í sí. Eré 32 ló gbá níbẹ̀, ó kó póìǹtì 20. Nínú líìgì ńlá, eré mẹ́fà péré ló jẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí eré mẹ́fà yẹn. Òfin líìgì náà ni pé bí ọmọ ọdún 18 tàbí 19 kò bá tíì gbá eré mẹ́wàá, ọdún yẹn kò ní jẹ nínú ọdún mẹ́ta tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Torí náà, ọdún 2024 ni ìwé Byfield parí, kì í ṣe 2023. Nínú ìwé irú bẹ́ẹ̀ nígbà náà, owó ọdún ọmọ náà kò lè kọjá dọ́là 925,000, bí wọ́n bá yọ àjẹmọ́nú kúrò. Ọdún kan sí i ní owó pọ́ọ́kú lórí ẹni tí wọ́n retí pé yóò di ọ̀gá, èrè ni.

Lóṣù Keje, ọdún 2021, àwọn Kings ra sẹ́ńtà mìíràn, Phillip Danault, ní ọdún mẹ́fà àti mílíọ̀nù 33 dọ́là. Àwọn kan rò pé wọ́n ti ń dí ọ̀nà mọ́ ọmọ náà. Ó jọ pé ọgbọ́n ni ìyẹn síbẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni Byfield ṣì jẹ́ nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń fi ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọlọ́dún kan sí ìdí iṣẹ́ tí oníbàárà ńlá gbé wá. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú eré ìmúrasílẹ̀ kan, ọrùn ẹsẹ̀ Byfield fọ́. Eré 40 ló gbá ní sáà 2021–22, póìǹtì 10 ló kó. Bí Danault kò bá sí níbẹ̀, ilé ìbá dà rú.

Sáà 2022–23 ló wá le jù. Byfield gbá eré 53, góòlù mẹ́ta péré ló wọlé fún un. Ní sáà kan náà, Tim Stützle, ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ Ottawa yàn sípò kẹta lọ́dún 2020, ẹni tó tẹ̀ lé Byfield gẹ́lẹ́, kó póìǹtì 90. Ẹni ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n pe Stützle nígbà tí wọ́n yàn án, Ottawa ló sọ ọ́ di sẹ́ńtà. Ẹnu ò sì sin lára àwọn Kings lásìkò yẹn. Àwọn alátìlẹyìn ń sọ pé ẹgbẹ́ náà fi wúrà sílẹ̀, ó mú bàbà.

Irú ìfiwéra yẹn kò ṣàì ní òótọ́ nínú, àmọ́ ó fi nǹkan kan pamọ́. Ottawa kò ní ọ̀gá kankan lórí àga nígbà tí Stützle dé. Ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi lọ́dọọdún ni, kò sí ohun tí wọ́n máa pàdánù bí ọmọdé bá ṣe àṣìṣe lójú ilé wọn. Àwọn Kings ń sáré láti padà sí ìdíje àṣekágbá. Ọmọ méjì tó ní ẹ̀bùn kan náà, bí ọ̀kan bá bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀gá ti kúrò níbẹ̀, tí èkejì bá bọ́ sí èyí tí ọ̀gá mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò ní jọra lẹ́yìn ọdún méjì. Jack Hughes náà wà níbẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Òun ni wọ́n yàn sípò kìíní lọ́dún 2019, póìǹtì 21 ló kó nínú eré 61 ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ New Jersey Devils. Ní 2022–23, póìǹtì 99 ló ní. Àwọn tó ti pe é ní ayédèrú lọ́dún àkọ́kọ́ kò rí nǹkan sọ mọ́.

Nínú sáà burúkú yẹn gan-an ni àwọn Kings gbé ìgbésẹ̀ kan tó yí nǹkan padà. Wọ́n mú Byfield kúrò láàárín, wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ òsì Kopitar, Adrian Kempe sì wà lápá ọ̀tún. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kò lárinrin: kó lọ sí kọ̀rọ̀, kó fi ara ńlá rẹ̀ gba róbà lọ́wọ́ ẹni tó mú un, kó gbé e fún àwọn méjì yòókù. Kempe gbá góòlù 41 wọlé ní sáà náà. Byfield fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí góòlù gbá, ṣùgbọ́n ó ń wo bí ọ̀gá ṣe ń dúró, bó ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó padà sẹ́yìn, bó ṣe ń du róbà níwájú rẹfirí. Ẹni tó ti gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀ lé mẹkáníìkì kiri mọ ohun tí irú ọdún bẹ́ẹ̀ máa ń fi síni lára.

Ìpinnu tó ṣòro láti gbè lẹ́yìn ni èyí tí wọ́n ṣe lóṣù Kẹfà, ọdún 2023. Kopitar wà nílẹ̀, Danault wà nílẹ̀, Byfield ń dàgbà bọ̀. Síbẹ̀ àwọn Kings lọ ra sẹ́ńtà kẹta, Pierre-Luc Dubois, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Winnipeg. Wọ́n kó agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ fún un, Gabriel Vilardi, Alex Iafallo àti Rasmus Kupari, wọ́n tún fi ẹ̀tọ́ àtiyan ọ̀dọ́ kan ní ìpele kejì kún un. Ìwé ọdún mẹ́jọ ní mílíọ̀nù 68 dọ́là, ìyẹn mílíọ̀nù 8.5 lọ́dún, ni Dubois gbà pẹ̀lú ọjà náà. Vilardi tí wọ́n fi sílẹ̀ yìí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n yàn án lọ́dún 2017, sẹ́ńtà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú òun náà kí wọ́n tó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Dubois gbá gbogbo eré 82 tó wà ní sáà 2023–24, póìǹtì 40 ló kó. Ìsọ̀rí kẹta ló ti ń gbá jù, torí pé kò sí àyè lókè. Lóṣù Kẹfà, ọdún 2024, ọdún kan gééré tó dé, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Washington, wọ́n gba aṣọ́lé Darcy Kuemper padà. Ní Washington, níbi tí àyè wà fún un, Dubois kó póìǹtì 66 ní sáà tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọjà burúkú ni wọ́n rà. Ọjà tó dára ni, ilé tí wọ́n gbé e wá ni kò ní ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Kuemper ní tirẹ̀ ṣe dáadáa débi pé ó wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n dárúkọ fún àmì ẹ̀yẹ aṣọ́lé tó dára jù lọ́dún 2025. Orí ló kó àwọn Kings yọ níbẹ̀, kì í ṣe ètò.

Ohun tí Dubois ná wọn jù, owó kọ́. Ọdún kan ni. Ní gbogbo sáà tí òun fi wà níbẹ̀, kò sí bí Byfield ṣe lè padà sí àárín, torí náà kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ̀ bóyá ó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ní ẹ̀gbẹ́ Kopitar, ó gbá eré 80, góòlù 20, póìǹtì 55. Ìtẹ̀síwájú ńlá nìyẹn láti orí góòlù mẹ́ta. Lafrenière kó 57 ní sáà kan náà, Stützle 70. Ariwo pé wọ́n fi wúrà sílẹ̀ rọlẹ̀.

Àmọ́ èrè yẹn gan-an ló mú kí ìbéèrè náà le sí i. Póìǹtì 55 yẹn, ti ta ni? Nígbà tí Byfield bá sáré lọ síwájú, Kopitar ló ń padà sẹ́yìn láti dí ilé. Ẹni tó bá ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, tí orúkọ ọ̀gá wà lára pátákó, tí àwọn oníbàárà ọ̀gá ń wọlé, iye tó bá tà kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi mọ iye tí yóò tà bó bá dá dúró. Bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ láti sọ pé kò lè tà. Wọn ò kàn tíì mọ̀ ni.

Àpẹẹrẹ kan tún wà nílé tó lè ṣi wọ́n lọ́nà. Kempe tó ń gbá góòlù wọlé lápá ọ̀tún yìí, wọ́n ti dán òun náà wò gẹ́gẹ́ bíi sẹ́ńtà ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátápátá ló di góòlù 35 ní 2021–22 àti 41 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rántí ti Kempe á ní, “Ẹ fi ọmọ yìí síbi tó ti ń ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ á sinmi.” Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni pé agbára Kempe wà nínú bó ṣe ń yìnbọn, ìyẹn bó ṣe ń gbá róbà sí ilé lójijì, ẹni ẹ̀gbẹ́ ni irú ìyẹn sì bá mu. Agbára Byfield wà nínú ẹsẹ̀ àti gígùn apá. Ó lè gba róbà lójú ilé tiwọn kó gbé e la gbogbo pápá kọjá fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìdajì ohun tó lè ṣe ni wọ́n ń lò.

Ibi tí owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Lóṣù Keje, ọdún 2024, kí àwọn Kings tó rí ìdáhùn, ìwé àkọ́kọ́ Byfield ti parí. Wọ́n ní láti sọ iye tó tó. NHL ní òfin tó fi ààlà sí àpapọ̀ owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́dún. Ní sáà 2024–25, mílíọ̀nù 88 dọ́là ni ààlà náà. Bí ó ti wù kí ẹgbẹ́ lówó tó, kò lè kọjá rẹ̀. Dọ́là tí wọ́n bá san lé ẹnì kan, lára ẹlòmíràn ni wọ́n ti máa yọ ọ́.

Bí wọ́n bá san owó sẹ́ńtà fún un, tó sì wá jẹ́ ẹni ẹ̀gbẹ́, wọ́n ti jẹ gbèsè. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n san owó ẹni ẹ̀gbẹ́, inú ọmọ náà kò ní dùn. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti fi owó ńlá ra ìrètí. Ottawa fún Stützle ní ọdún mẹ́jọ ní mílíọ̀nù 8.35 lọ́dún. New Jersey fún Hughes ní ọdún mẹ́jọ ní mílíọ̀nù 8 lọ́dún, lóṣù Kọkànlá, ọdún 2021, nígbà tí kò tíì fi nǹkan gidi hàn. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, owó náà pọ̀ jù lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn póìǹtì 99, ọ̀pọ̀ gbangba ni.

Àwọn Kings kò lọ bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ, mílíọ̀nù 31.25 dọ́là lápapọ̀, mílíọ̀nù 6.25 lọ́dún. Owó àárín ni. Ó pọ̀ díẹ̀ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ tó kó póìǹtì 55, ó kéré fún sẹ́ńtà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá wò ó fínnífínní á rí i pé iyèméjì wọn gan-an ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní owó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ New York Rangers fún Lafrenière, ẹni ẹ̀gbẹ́, ní mílíọ̀nù 7.45 lọ́dún fún ọdún méje.

Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí oníṣòwò kíyè sí. Ní sáà 2024–25, nínú gbogbo 100 dọ́là tí àwọn Kings lẹ́tọ̀ọ́ láti ná, dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 10 ló jẹ́ ti Byfield. Lóṣù Kìíní, ọdún 2025, líìgì náà kéde pé ààlà yóò di mílíọ̀nù 95.5 ní 2025–26, mílíọ̀nù 104 ní 2026–27 àti mílíọ̀nù 113.5 ní 2027–28. Owó ọmọ náà kò yí padà. Ní 2025–26, ìpín tirẹ̀ nínú 100 dọ́là wá sí 6.54. Bí ààlà bá rí bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀, yóò di 6.01, lẹ́yìn náà 5.51. Kò sí ohun tí Byfield fúnra rẹ̀ ní láti ṣe kí ó tó di ẹni tí kò wọ́n mọ́. Èyí fún àwọn Kings láyè láti ní sùúrù tí ẹgbẹ́ tó san mílíọ̀nù 8.5 fún Dubois kò lè ní. Oníṣòwò tó bá fi owó oṣù ńlá gba òṣìṣẹ́ láti ìta kì í lè fún un ní ọdún méjì láti kọ́ṣẹ́. Ara rẹ̀ kì í gbà á.

Bí Dubois ṣe kúrò, wọ́n dá Byfield padà sí àárín. Ní sáà 2024–25 ó gbá eré 81, góòlù 23, póìǹtì 54. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà nìkan á ní kò kúrò lójú kan, 55 di 54. Nọ́ńbà tó dúró yẹn gan-an ni ẹ̀rí tó dára jù tí ẹgbẹ́ náà ti rí láti ọdún 2020. Ó mú iṣẹ́ tó le jù, ó ń dí ilé, ó ń du róbà, Kopitar kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti bá a padà sẹ́yìn, síbẹ̀ èrè kò dín ju ẹyọ kan lọ, góòlù tó gbá wọlé fúnra rẹ̀ sì fi mẹ́ta lé sí i. Àwọn Kings borí nínú eré 48 ní sáà náà, wọ́n kó póìǹtì 105 sórí tábìlì líìgì.

Edmonton ló tún wá lé wọn dànù ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje àṣekágbá. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tẹ̀ léra nìyẹn: 2022, 2023, 2024, 2025, ẹgbẹ́ kan náà, ìpele kan náà. Edmonton ní sẹ́ńtà méjì tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, Connor McDavid tí wọ́n yàn lọ́dún 2015 àti Leon Draisaitl tí wọ́n yàn lọ́dún 2014. Méjèèjì ni Edmonton tọ́ dàgbà fúnra rẹ̀. Ohun tí Los Angeles fẹ́ kí Byfield jẹ́ nìyẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n sì pàdánù sí lẹ́ẹ̀mẹ́rin náà nìyẹn.

Lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, Kopitar kéde pé sáà 2025–26 lòun máa gbá gbẹ̀yìn. Ọ̀gá náà ti fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ múra lílọ rẹ̀. Mílíọ̀nù 10 ni ìwé rẹ̀ àtijọ́ ń gbé wọlé lọ́dún, ṣùgbọ́n ìwé ọdún méjì tó fọwọ́ sí lóṣù Keje, ọdún 2023, mílíọ̀nù 7 ni. Ó dín owó ara rẹ̀ kù kí ẹgbẹ́ lè rí nǹkan fi ra àwọn mìíràn. Pẹ̀lú ìkéde náà, àga tí ẹnì kan ti jókòó sí láti ọdún 2006 ti ní ọjọ́ tí yóò ṣófo.

Ṣé Byfield ló máa jókòó sí i? Bí wọ́n bá ní kí èèyàn fi owó tirẹ̀ tẹ́tẹ́, sẹ́ńtà ni, sáà 2024–25 ti yanjú ìyẹn. Ohun tí kò tíì yanjú ni irú sẹ́ńtà tó jẹ́. Kopitar kó póìǹtì 61 ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ pátápátá, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 19. Byfield kò tíì dé 61 rárá títí sáà 2024–25 fi parí, ó sì ti ń sún mọ́ ọdún 23. Ẹni tó bá ń retí pé yóò kó 92 bí Kopitar ṣe kó ní 2017–18 lè dúró títí kó sú u. Èyí tó ṣeé gbà ni sẹ́ńtà ńlá, alágbára, tí wọ́n lè rán lọ dojú kọ McDavid kó má dójú tì wọ́n, tó ń kó bíi 60 sí 70, tí wọ́n sì ní láti fi ẹni tó mọ góòlù gbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò kéré. Ní mílíọ̀nù 6.25, ọjà tó pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí McDavid, tí kò wá ẹlòmíràn kún un, á kàn máa bínú sí i lásán lọ́dọọdún.

Àkókò náà ní òpin. Ìwé rẹ̀ parí lọ́dún 2029, nígbà tó bá ń lọ sí ọmọ ọdún 27, ọjọ́ náà sì ni yóò lómìnira láti lọ síbikíbi tó bá wù ú. Ìyà owó kékeré tí wọ́n san lọ́dún 2024 wà níbẹ̀, torí ká ní ọdún mẹ́jọ ni wọ́n kọ fún un bíi ti Stützle, títí di 2032 ni ìbá fi jẹ́ tiwọn. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù Keje, ọdún 2028 ni òfin gbà wọ́n láyè láti bá a kọ òmíràn. Àdéhùn tuntun láàárín líìgì àti àwọn agbábọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n ṣe láti bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 2026, sì ti dín iye ọdún tí ẹgbẹ́ lè kọ fún ọmọ rẹ̀ kù láti mẹ́jọ sí méje.